Bọ́ọ̀lù irin tó ń rì jẹ́jẹ́: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe wọn ìyára àti ipá nínú gílísírìnì

Ohun tí mo ní lọ́kàn kò ju bíńtín lọ. Mo fẹ́ ju bọ́ọ̀lù irin kékeré sínú ọ̀pá gíláàsì tí gílísírìnì kún inú rẹ̀, kí ẹ̀rọ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí bọ́ọ̀lù náà fi rìn láti àmì òkè dé àmì ìsàlẹ̀, kí n sì ti fi ìṣirò sọ iye náà kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́. Mo ní òpin ọ̀sẹ̀ kan á ká a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà mí, mo sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ̀ bá ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ mí jà.

Ìdí tí mo fi mú gílísírìnì ni pé ó ki. Bí ẹ bá ju bọ́ọ̀lù irin sínú omi, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti dé ìsàlẹ̀, omi á sì máa rú gùdù lẹ́yìn rẹ̀, ìṣirò irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nínú gílísírìnì, ńṣe ló máa ń rì bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò retí níbì kankan, ìṣàn tó yí i ká á sì tòrò. Irú ìṣàn tó tòrò yìí ni George Gabriel Stokes, onímọ̀ ìṣirò àti físíìsì, ṣírò ní 1851, ohun tó rí kò ju ìlà kan lọ:

F = 6πηrv

F ni ipá tó ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, η ni kíki gílísírìnì, r ni ìdajì ìbú bọ́ọ̀lù, v ni ìyára rẹ̀. Bí ohun olómi bá ṣe ki tó, bí bọ́ọ̀lù bá ṣe tóbi tó, bó bá sì ṣe ń yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfàsẹ́yìn ṣe máa pọ̀ tó.

Ipá mẹ́ta ló ń bá bọ́ọ̀lù náà fà á. Òòfà ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, gílísírìnì ń tì í sókè, ìfàsẹ́yìn náà sì ń dì í mú. Méjì àkọ́kọ́ kì í yí padà. Ẹ̀kẹta nìkan ló ń dàgbà bí ìyára bá ṣe ń dàgbà, títí yóò fi kún àlàfo tó wà láàárín méjì yòókù. Láti ìgbà náà lọ, bọ́ọ̀lù kò ní yára sí i mọ́, kò sì ní fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ìyára kan ṣoṣo ni yóò máa bá lọ dé ìsàlẹ̀:

v = 2r²g(ρ₁ − ρ₂) / 9η

g ni ti òòfà ilẹ̀, ρ sì ni bí nǹkan ṣe wúwo tó fún àyè tó gbà. ρ₁ jẹ́ ti irin, gíráàmù 7.8 fún sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kọ̀ọ̀kan. ρ₂ jẹ́ ti gílísírìnì, gíráàmù 1.26. Ní 20°C, kíki gílísírìnì tí kò ní àdàlù jẹ́ 1.41 Pa·s (Pa·s ni wọ́n fi ń wọn kíki), ìyẹn ni pé ó ki ju omi lọ ní ìlọ́po 1,400. Mo fi bọ́ọ̀lù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3 ṣírò rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 2.28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 20 á gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 8.8. Mo kọ 8.8 yìí sára ògiri pẹ̀lú báírò, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Ẹ fọkàn sí i.

Ọjọ́ kìíní sí ìkẹta: ẹnubodè iná

Ọ̀pá gíláàsì náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, ìbú inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20. Mo de é mọ́ férémù pákó, mo sì fi okùn tí mo so irin mọ́ nídìí yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dúró ṣánṣán, nítorí bí ọ̀pá bá fì díẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń lọ. Lésà méjì, irú tí olùkọ́ fi ń tọ́ka sí pátákó, wà ní ọ̀tún. Phototransistor méjì, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń rí iná, wà ní òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rẹsítọ̀ 10 kΩ, wáyà wọn sì wọ inú Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka àkókò. Lésà kan àti sẹ́ńsọ̀ tó kojú rẹ̀ ni mo pè ní ẹnubodè. Ẹnubodè àkọ́kọ́ wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ ojú gílísírìnì, ìkejì wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sísàlẹ̀ ìyẹn. Mo fi sẹ̀ǹtímítà 10 òkè sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè ráyè dé orí ìyára rẹ̀ kó tó dé ẹnubodè. Ẹ ó rí i níwájú bí ìyẹn ṣe pa mí lẹ́rìn-ín tó.

Nígbà tí ọ̀pá ṣófo, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí aago. Mo da gílísírìnì sí i, iná lésà sì kó kúrò lójú sẹ́ńsọ̀ pátápátá. Ó yẹ kí n ti mọ̀: ọ̀pá róbótó tí ohun olómi tó mọ́ gaara kún inú rẹ̀ ti di lẹ́ǹsì. Bí iná kò bá gba àárín gbùngbùn, ó máa ṣẹ́ kọrọ̀ lọ síbòmíràn. Bí mo tún un tò tán, bọ́ọ̀lù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ iná kọjá láìfara kàn án. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí mo ju bọ́ọ̀lù, mẹ́ta péré ni sẹ́ńsọ̀ rí.

Ohun tó tún un ṣe kò nira. Mo gbé ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín kan dúró sójú lésà kọ̀ọ̀kan. Ojú iná tó rí kókó bí orí abẹ́rẹ́ wá nà di ìlà tó fẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Lẹ́ǹsì tó ti ń yọ mí lẹ́nu náà ló wá ràn mí lọ́wọ́, nítorí gílísírìnì inú ọ̀pá ló kó ìlà náà jọ padà sójú sẹ́ńsọ̀ lódì kejì. Mo kàn ń sún sẹ́ńsọ̀ síwá sẹ́yìn títí mo fi rí ibi tí iná ti kó jọ jù lọ ni.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù mìlímítà 3 kò lè bo ìlà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tán. Bíi ìdá kan nínú márùn-ún iná ló ń dí, ìyẹn kò sì tó láti mú Arduino gbà pé ẹnubodè ti tì. Mo ti kọ kóòdù tó ń dúró de kí fóòtì (agbára iná tó ń ti sẹ́ńsọ̀ wá) já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àfi kí n pa á rẹ́. Mo ní kí ẹ̀rọ máa ka fóòtì náà lọ láìdákẹ́. analogRead, àṣẹ tí Arduino fi ń ka fóòtì lẹ́ẹ̀kan, ń gba bíi ìdá 110 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá, bọ́ọ̀lù yìí sì ń lo ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ kó tó ré ìlà iná kọjá. Kíkà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni mo ń rí nínú ìkọjá kan ṣoṣo. Bí mo bá ya á sórí gráàfù, ó máa ń dà bí àfonífojì kékeré. Mo máa ń wá ibi tó ti jìn dé ìdajì lápá òsì àti lápá ọ̀tún, àárín méjèèjì ni mo pè ní àkókò tí bọ́ọ̀lù kọjá.

(Iná yàrá náà wọ inú gráàfù. Gílóòbù tó ń jẹ iná mànàmáná tó ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, sẹ́ńsọ̀ sì ń rí i bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i. Páálí dúdú yí férémù ká, ọ̀rọ̀ parí.)

Ọjọ́ kẹrin sí ìkẹwàá: ẹjọ́ tí mo dá lódì

Mo ju bọ́ọ̀lù mìlímítà 3 ní ìgbà mẹ́wàá. Yàrá wà ní 20°C, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, tẹmọ́mítà wà létí ọ̀pá. Èsì wọn wà láàárín 12.6 àti 12.8.

Mo wo 8.8 tó wà lára ògiri.

Ká ní èsì náà ń fò sókè sódò ni, mi ò bá ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá tó fẹnu kò sórí ohun kan náà, ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní òpùrọ́, ara rẹ̀ ni kó bi. Èmi ò bi ara mi. Aago Arduino ni mo kọ́kọ́ mú. Lóòótọ́, ohun tó ń ka àkókò lórí Uno jẹ́ seramíìkì, kò péye tó kírísítà, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ kò lè dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, èmi sì ń wá ìdá mẹ́rìnlélógójì. Mo pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ òkè sí ìsàlẹ̀: 12.7. Mo fi fóònù ya fídíò oní-240 àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo sì jókòó ka àwòrán níkọ̀ọ̀kan: 12.7. Ẹ gbọ́, mo ṣì yọ gbogbo òjé tí mo fi jó wáyà mọ́ra, mo tún un jó látìbẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi tó ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé òótọ́ ni bọ́ọ̀lù yẹn ń sọ fún yín ni?"

Mo ní kó máa di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, mo pa ẹ̀rọ tì, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo ní bóyá bọ́ọ̀lù kò tíì dé orí ìyára rẹ̀ nígbà tó dé ẹnubodè òkè, ìyẹn ló fi ń pẹ́. Mo fi Python, èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kọ àwòṣe rẹ̀: ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ro ipá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ fi ìwúwo bọ́ọ̀lù pín in, ẹ fi gígùn ìṣísẹ̀ náà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi kún ìyára, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, mo rò pé ìyẹn ti kéré jọjọ. Kọ̀ǹpútà ní bọ́ọ̀lù náà sáré wálẹ̀, ó fò padà sókè, ó tún já wálẹ̀ pẹ̀lú ìyára tó ju ti ìṣáájú lọ. Kò pẹ́ tó fi ń yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ nínú ọ̀pá gíláàsì mi.

Àṣìṣe yẹn kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju gbogbo òjé tí mo jó lọ. Ẹ pín ìwúwo bọ́ọ̀lù fún 6πηr, ohun tí ẹ máa rí ni àkókò tó ń gbà á láti gbọ́ràn sí ìfàsẹ́yìn lẹ́nu. Fún bọ́ọ̀lù yìí, ó jẹ́ 0.0028 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ìṣísẹ̀ àwòṣe bá ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ, ìṣirò á fo ibi tó yẹ kó dúró sí kọjá, á tún fo ó padà, fífò kọ̀ọ̀kan á sì tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Ìṣísẹ̀ tèmi ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Mo sọ ọ́ di 0.0001, gbogbo rẹ̀ sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ẹ tún wo 0.0028 yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé kí bọ́ọ̀lù tó rin ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí ìyára tó máa bá lọ dé ìsàlẹ̀. Èmi sì ti fi sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ fún un bí ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ gbéra. (Ó ṣì yẹ kí ẹnubodè jìnnà sí ojú gílísírìnì díẹ̀, nítorí ojú náà àti ìdí ọ̀pá máa ń da ìṣàn láàmú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí mo rò.)

Nítorí náà, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ eré ni. Àwòṣe ní 8.8, gẹ́gẹ́ bí ògiri ṣe wí. Ẹ̀rọ ní 12.7. Ọ̀kan nínú méjèèjì gbàgbé nǹkan.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní ọjọ́ kẹrin: mo pààrọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti aago, gbogbo bọ́ọ̀lù ló yẹ kó pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà. Fún mìlímítà 2, ìṣirò ní 19.8, ẹ̀rọ ní 25.0. Fún mìlímítà 5, ìṣirò ní 3.2, ẹ̀rọ ní 6.3. (Ti mìlímítà 1 kéré débi pé sẹ́ńsọ̀ kò rí i.) Bí a bá fi ìyára tí mo rí wé èyí tí mo ṣírò, bọ́ọ̀lù 2 ní 0.79, bọ́ọ̀lù 3 ní 0.69, bọ́ọ̀lù 5 ní 0.50. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni Stokes ń jìnnà sí òótọ́. Mo ya wọ́n sórí gráàfù lódì sí ìbú bọ́ọ̀lù tí mo fi ìbú ọ̀pá pín, wọ́n sì tò bí ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún. Mo fi rúlà fà á lọ sí ibi tí bọ́ọ̀lù ti kéré di òdo, ó sì bọ́ sórí 1 gẹ́lẹ́.

Ògiri ọ̀pá ni! Stokes ṣírò tirẹ̀ fún bọ́ọ̀lù tó wà nínú alagbalúgbú ohun olómi tí kò ní ààlà. Tèmi wà nínú ọ̀pá. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ sísàlẹ̀, gílísírìnì tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, èyí tó sì fara kan ògiri kò lè yẹsẹ̀. Ọ̀nà há, ìfàsẹ́yìn pọ̀ sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ó ṣe pọ̀ tó: ọ̀pá yìí fẹ̀ ju bọ́ọ̀lù mìlímítà 3 lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́fà àti ààbọ̀, síbẹ̀ ògiri gba bíi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára rẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Rudolf Ladenburg, onímọ̀ físíìsì, ti kọ àtúnṣe kan nípa ògiri sílẹ̀ ní 1907, Hilding Faxén ará Súwídìn sì ṣe èyí tó péye sí i ní àwọn ọdún 1920. Bí k bá jẹ́ ìbú bọ́ọ̀lù tí a fi ìbú ọ̀pá pín, ẹ fi èyí sọ ìyára Stokes di púpọ̀:

1 − 2.104k + 2.09k³ − 0.95k⁵

Bọ́ọ̀lù 3 nínú ọ̀pá 20: k jẹ́ 0.15, àtúnṣe jẹ́ 0.69. Mo pa 8.8 rẹ́ lára ògiri, mo kọ 12.7. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ọ̀pá tó fẹ̀

Mo ra ọ̀pá tuntun tí ìbú inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 60, kí ògiri lè jìnnà. Mo da gílísírìnì sínú abọ́ ẹlẹ́nu gbooro ná kí ìfóòfó inú rẹ̀ lè jáde, iṣẹ́ mìíràn gbà mí lọ́wọ́, mo fi abọ́ náà sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọjọ́ mẹ́fà. Fún bọ́ọ̀lù mìlímítà 3, àwòṣe mi, pẹ̀lú àtúnṣe Faxén, ní 9.8. Ẹ̀rọ ní 8.0.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fọwọ́ kan òjé. Bọ́ọ̀lù yára ju bó ṣe yẹ lọ, ó tiẹ̀ yára ju ti Stokes tí kò ní ògiri rárá. Ohun kan ṣoṣo nínú ìṣirò náà ló lè yí padà láìsọ fún mi: kíki. Mo wo tẹmọ́mítà, 20 ló ṣì wà. Mo wá rántí abọ́. Gílísírìnì máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, bíńtín tó bá sì mu ti tó láti bà á jẹ́: bí omi inú rẹ̀ bá dé ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, kíki rẹ̀ ní 20°C á já láti 1.41 sí 1.15. Mo fi 1.15 sínú àwòṣe. Ó ní 8.0.

Mo ṣí ìgò tuntun, mo rọra dà á sínú ọ̀pá láti ẹ̀gbẹ́ kó má baà hó, mo dé e. Èsì wà láàárín 9.7 àti 9.9.

Ìgbóná náà tún wà níbẹ̀. Ní 30°C, kíki gílísírìnì kò ju 0.61 lọ mọ́, kò tó ìdajì ohun tó jẹ́ ní 20°C. Dígírì kan ṣoṣo ń yí èsì padà ní bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kọ èsì irú iṣẹ́ yìí láìkọ ìwọ̀n ìgbóná tì í, kò kọ nǹkan kan. Mo gbé tẹmọ́mítà kúrò létí ọ̀pá, mo tì í bọ inú gílísírìnì fúnra rẹ̀. Ìfóòfó tó máa ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù náà ní oògùn: ẹ ri bọ́ọ̀lù bọ gílísírìnì kí ẹ tó jù ú sí i. Òòfà ni mo fi ń kó wọn jáde, mo ń fà wọ́n gba ara gíláàsì sókè láti ìta.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ipá náà fúnra rẹ̀

Títí di ìgbà yìí, ìyára nìkan ni mo ń wọ̀n. Ipá ìfàsẹ́yìn jẹ́ ohun tí mo gbà gbọ́ nítorí pé ìṣirò sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rí i lójú.

Mo gbé ọ̀pá mìlímítà 20 padà, mo gbé e ka orí òṣùwọ̀n kékeré irú tí àwọn oníwúrà ń lò, tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Mo tẹ̀ ẹ́ kó ka 0.00 pẹ̀lú ọ̀pá àti gílísírìnì lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mìlímítà 5 wúwo tó gíráàmù 0.51. Mo kọ́kọ́ fi fọ́nrán òwú gbé e kọ́ sínú gílísírìnì láìjẹ́ kó kan ìdí. Òṣùwọ̀n ka 0.08. Ìyẹn ni ipá tí gílísírìnì fi ń tì í sókè: bó ṣe ń ti bọ́ọ̀lù sókè ni bọ́ọ̀lù náà ń tì í wálẹ̀. Òwú ló gbé ìyókù.

Kí n tó ju òmíràn sílẹ̀ láìsí òwú, mo bi àbúrò mi pé kí ni òṣùwọ̀n máa kà nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì ń rì. Ó ní 0.08, nítorí kò tíì kan ìdí. Èmi náà ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ìyára rẹ̀ kò yí padà, ipá tó wà lórí rẹ̀ ti pa ara wọn tán. Ohun kan gbọ́dọ̀ gbé 0.43 tó kù, kò sì sí òwú níbẹ̀ mọ́. Gílísírìnì ló ń gbé e, ọ̀pá ń gbé gílísírìnì, òṣùwọ̀n ń gbé ọ̀pá.

Ibí yìí náà ni mo ti wá lóye ohun tí ògiri ń ṣe gan-an. Nínú ọ̀pá tó há yìí, ìyára bọ́ọ̀lù 5 jẹ́ ìdajì ti Stokes, ṣùgbọ́n ipá ìfàsẹ́yìn rẹ̀ kò dín rárá. Kò lè dín. 0.43 ni àlàfo tó ní láti kún, ì báà wà nínú ọ̀pá ni o, ì báà wà nínú òkun gílísírìnì. Ògiri kàn jẹ́ kó kún un nígbà tí ìyára ṣì kéré ni.

Mo jù ú sí i. Òṣùwọ̀n fò díẹ̀ nígbà tó kan ojú gílísírìnì, ó sì dúró: 0.51. Àwa méjèèjì wo bọ́ọ̀lù náà bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá. Ó dé ìdí ọ̀pá, ó ró kín-ín. 0.51.

Àbúrò mi ní, "Ẹ tún un jù."